Ta ni "Wọ́n" Nínú "Wọ́n Ti Gé Owó Mi"? Àlàyé Lórí Bí Ìṣirò Owó Ìpè Ṣe So Mọ́ Àwọn Ẹ̀rọ àti Ilé-iṣẹ́ Mìíràn

Ìfáárà

Gbólóhùn kan wà tí etí kò lè ṣe aláìgbọ́ lọ́jà èyíkéyìí ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì lónìí, ìbáà jẹ́ ní Ìjerò, ní Arámọ̀kọ tàbí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Gbólóhùn náà ni "Wọ́n ti gé owó mi." Ẹni tó fi káàdì sórí fóònù láàárọ̀ tí kò bá a níbẹ̀ lọ́sàn-án ní ń sọ ọ́. Ẹni tó fi owó báǹkì ra kírẹ́dìtì, tí báǹkì yọ owó ṣùgbọ́n tí kírẹ́dìtì kò wọlé, òun náà a máa sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni olùkọ́ tó ra dátà oṣù kan tí dátà náà tán ní ọ̀sẹ̀ kejì.

Ẹni tó bá mọ gírámà Yorùbá yóò ti kíyè sí i pé "wọ́n" inú gbólóhùn yìí kì í tọ́ka sí àwọn ènìyàn kan pàtó tí a ti dárúkọ ṣáájú. Irú "wọ́n" tí a ń lò nígbà tí a kò mọ olùṣe ni, bíi ti "wọ́n ti ti ọjà" tàbí "wọ́n bí i ní Ìkọ̀gòsì." Ìlò náà bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu, nítorí ẹni tí owó rẹ̀ dínkù kò fojú rí olùṣe kankan. Àmọ́ ẹni tí kò bá mọ ẹni tó gé owó òun kò lè mọ ẹni tí òun yóò bi léèrè. Ó lè lọ pariwo lé ọmọ tó tà á ní káàdì lórí, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀nà báǹkì ni owó rẹ̀ há sí.

Àlàyé tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ ṣe ni pé "wọ́n" yìí pọ̀. Ẹ̀rọ tí ń ṣírò owó ìpè kì í dá ṣiṣẹ́. Ó ń bá àwọn ẹ̀rọ inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀, ó ń bá ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ mìíràn ṣe àdéhùn, ó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ báǹkì, ó ń wo ìwé ìdánimọ̀ ìjọba, ó sì ń jábọ̀ fún akọ̀wé owó ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Oríkèé tí àwọn wọ̀nyí ti so pọ̀ ni owó ti sábà máa ń sọnù, kì í sábàá jẹ́ inú ẹ̀rọ kan ṣoṣo.

Láti ìwé owó NITEL dé káàdì ìpè

NITEL, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1985, kì í gba owó kí oníbàárà tó sọ̀rọ̀. Oníbàárà yóò sọ̀rọ̀ tán, oṣù yóò parí, wọn yóò wá ṣírò iye tó jẹ, wọn yóò sì kọ ìwé owó ránṣẹ́ sí i. Ẹ̀rọ tí ń so ìpè wà níbì kan, akọ̀wé tí ń ṣírò owó wà níbòmíràn. Ènìyàn ló ń gbé iṣẹ́ láàrin àwọn méjèèjì. Irú ètò bẹ́ẹ̀ kò lè gba èrò púpọ̀. Nígbà tí ó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2001, nǹkan bí 400,000 ni gbogbo ìlà tẹlifóònù tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, nínú orílẹ̀-èdè tí èrò rẹ̀ ti lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù.

Oṣù Kínní ọdún 2001 ni àjọ tí ń ṣàkóso ètò ìbánisọ̀rọ̀, NCC, ta ìwé-àṣẹ GSM ní gbàǹjo. MTN àti Econet san 285 mílíọ̀nù dọ́là ẹnìkọ̀ọ̀kan, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí tà fún gbogbo ènìyàn ní oṣù Kẹjọ ọdún náà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn oníbàárà wọn ti ń san owó sílẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Kì í ṣe Nàìjíríà ló dá ọgbọ́n yìí. Ilé-iṣẹ́ TMN ti gbé irú rẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Pọtogí ní ọdún 1995. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tó bá mu tó ilẹ̀ wa. Ta ni yóò ta ìpè láwìn fún àgbẹ̀ tí kò ní nọ́ńbà ilé, tí kò ní ìwé owó oṣù, tí akọ̀wé kankan kò mọ̀ rí? Ẹni tó bá ti lè ra káàdì kò nílò onídùúró.

Ètò tó gba oníbàárà lọ́wọ́ onídùúró yìí ló gbé ẹrù lé ẹ̀rọ lórí. Lábẹ́ ètò NITEL, ìṣirò lè dúró títí oṣù yóò fi parí. Lábẹ́ ètò káàdì, ìṣirò gbọ́dọ̀ ti parí kí ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu. Nítorí náà, akọ̀wé owó kò lè jókòó sí ọ́fíìsì tirẹ̀ mọ́. Ó di dandan kí ó wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà tí ìpè ń gbà kọjá.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kí fóònù tó dún

Ká fi ìpè kan ṣe àpẹẹrẹ. Òkè ló yí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ká, nítorí náà ibi tí òpó ìbánisọ̀rọ̀ bá dúró sí ṣe pàtàkì níbẹ̀. Ohùn tí òkè bá dí lọ́nà yóò máa já. Bí obìnrin kan tó ń ta epo pupa nínú ìlú náà bá fẹ́ pe oníbàárà rẹ̀ ní Ìjerò, òpó tó bá gbọ́ ohùn fóònù rẹ̀ dáadáa jù, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní másìtì, ni yóò gba ìpè náà. Másìtì kò mọ nǹkan kan nípa owó. Yóò ti ìpè náà síwájú lọ sọ́dọ̀ ẹ̀rọ asopọ̀-ìpè, tí ó sábà máa ń wà ní ìlú ńlá.

Asopọ̀-ìpè ni ó ń bi àwọn yòókù léèrè. Ó kọ́kọ́ bi àká-orúkọ, ìyẹn ibi tí ilé-iṣẹ́ kọ gbogbo nọ́ńbà oníbàárà rẹ̀ sí: ṣé tiwa ni nọ́ńbà yìí, ṣé wọn kò tì í pa, iṣẹ́ wo ni a gbà á láyè láti ṣe? Lẹ́yìn èyí ni yóò wá bi ẹ̀rọ ìṣirò-owó: ṣé owó wà? Ìbéèrè kejì yìí kò rọrùn tó bí ó ṣe dún létí. Kí ẹ̀rọ ìṣirò-owó tó dáhùn, ó gbọ́dọ̀ mọ iye tó kù, ètò owó ìpè tí oníbàárà náà yàn, ẹ̀bùn tí wọ́n fi kún un àti ọjọ́ tí ẹ̀bùn náà yóò kú, pẹ̀lú nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ẹni tó ń pè wà. Gbogbo èyí kò gbọdọ̀ gbà ju ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ, nítorí ẹni tó ti gbé fóònù sétí kò ní sùúrù.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ẹ̀rọ yìí kì í gé owó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ń ya díẹ̀ sọ́tọ̀ ni. Ó lè wí fún asopọ̀-ìpè pé kí ó jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, òun ti di owó rẹ̀ mú. Bí ìwọ̀n náà bá ń tán lọ, asopọ̀-ìpè yóò padà wá béèrè, wọn yóò sì tún ya òmíràn sọ́tọ̀. Nígbà tí ìpè bá parí, wọn yóò gé iye tí wọ́n lò, wọn yóò sì dá ìyókù padà sínú àpò oníbàárà. Ìdí nìyí tí ìpè fi ń já lójijì nígbà tí owó bá tán, láàrin gbólóhùn pàápàá. Dátà kò yàtọ̀: ìwọ̀n tó ń gba orí rẹ̀ kọjá ni wọ́n ń yà sọ́tọ̀ dípò àkókò, fóònù ìgbàlódé sì ń bá íńtánẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí olówó rẹ̀ ń sùn. Dátà tí ó tán ní ọ̀sẹ̀ kejì lè jẹ́ pé fóònù fúnra rẹ̀ ló jẹ ẹ́.

Okùn tó so asopọ̀-ìpè mọ́ ẹ̀rọ ìṣirò-owó lè já. Ilé-iṣẹ́ ní láti ti pinnu ṣáájú ohun tí wọn yóò ṣe lọ́jọ́ náà: ṣé kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn, kí ẹnikẹ́ni má lè pè, tàbí kí wọ́n jẹ́ kí ìpè máa lọ láìgba owó? Èkíní yóò bí oníbàárà nínú, èkejì yóò dín owó tó ń wọlé kù. Àwọn ọ̀dọ́ a máa yọ̀ bí ìpè bá ṣèèṣì di ọ̀fẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kan. Ayọ̀ náà kì í fi gbogbo ìgbà tọ́jọ́, nítorí asopọ̀-ìpè ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Àkọsílẹ̀ yìí gan-an ni ọ̀pá ìdí ohun gbogbo tó kù. Fún ìpè kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ ń kọ ẹni tó pè, ẹni tí wọ́n pè, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, bí ó ti pẹ́ tó, àti òpó tí ìpè náà gbà. Kò sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nínú rẹ̀. Ó kàn dà bí ìwé oníbodè tó kọ ẹni tó wọlé sílẹ̀ láìmọ ohun tó wà nínú ẹrù. Àwọn ẹ̀rọ tí ń kọ ọ́ kì í kọ ọ́ bákan náà, nítorí ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣe wọ́n. Èyí ló fà á tí wọ́n fi ní ẹ̀rọ alárinà kan, tó ń kó gbogbo àkọsílẹ̀ jọ, tó ń yọ èyí tó wá lẹ́ẹ̀mejì kúrò, tó ń túmọ̀ ìyókù sí ìlànà kan ṣoṣo, tó sì ń pín in kiri: fún àwọn tó ń bá ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣírò, fún àwọn tó ń ṣọ́ olè, fún ìwé owó ilé-iṣẹ́, àti fún ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà. Bí alárinà bá ṣìnà, gbogbo wọn ló ṣìnà.

Ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá

Láàrin ọdún 2001 sí 2003, odindi ìṣẹ́jú ni wọ́n ń tà, ní nǹkan bí 50 náírà. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá kan yóò san owó ìṣẹ́jú méjì. Ẹni tó ń ta gàrí ní kóńgò lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó ní òun kì í la kóńgò sí méjì, ṣùgbọ́n ó kéré tán, oníbàárà rẹ̀ yóò gbé gàrí kóńgò kejì náà lọ sílé. Ẹni tó ra ìṣẹ́jú kejì kò gbé nǹkan kan lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń sáré sọ̀rọ̀ nígbà náà, tí ojú wọn kì í kúrò lára aago.

Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí pariwo pé ìṣẹ́jú-àáyá ni kí wọ́n máa kà. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ dáhùn pé àkókò kò tíì tó. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2003, Globacom dé, ìṣẹ́jú-àáyá ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn yòókù fi tẹ̀ lé e.

Ó yẹ kí a ṣe ìdájọ́ tó gún lórí ọ̀rọ̀ yìí. Kì í ṣe irọ́ pé ìyípadà náà ní iṣẹ́ nínú. Ẹni tó bá yí ìwọ̀n tí a fi ń tà padà ní láti yí ìlànà ìdíyelé padà, kí ó tún ẹ̀bùn gbogbo ṣírò, kí ó sì wò bóyá owó tó kù yóò tó san ti ilé-iṣẹ́ tí ìpè náà ń lọ sí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ilé lè fi fèrèsé sí ibi tó wù ú. Ẹni tó ti ń gbé inú ilé ní láti wó ògiri. Síbẹ̀, nígbà tí oníbàárà rí ibòmíràn lọ, ohun tí wọ́n ní àkókò rẹ̀ kò tíì tó di ṣíṣe. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Nígbà tí ọ̀nà kejì là ni iye owó wálẹ̀.

Owó oníbodè

Láyé àtijọ́, ẹni tó bá ru ẹrù kọjá ní ẹnubodè ìlú kan yóò san owó fún oníbodè kí ó tó kọjá. Irú owó yìí kò tíì kúrò nílẹ̀. Bí oníbàárà MTN bá pe ẹni tó wà lórí Airtel, MTN ló gba gbogbo owó ìpè náà, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà Airtel ni ìpè náà gbà dé etí ẹni tí wọ́n pè. MTN gbọ́dọ̀ san owó oníbodè. NCC ló ń pinnu iye rẹ̀. Nínú ìpinnu tó ṣe ní ọdún 2018, ó fi í sí 3.90 náírà fún ìṣẹ́jú kan láàrin àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Owó kékeré ni lójú, àmọ́ ìpè tó ń kọjá kì í ṣe kékeré.

Ilé-iṣẹ́ méjèèjì ló ń kọ àkọsílẹ̀ tirẹ̀. Nígbà tó bá yá, wọn yóò gbé ìwé méjèèjì kalẹ̀, wọn yóò fi wé ara wọn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Kò sí ẹni tí yóò fi ìwé ẹnìkejì nìkan sanwó. Ìwé méjèèjì kì í sì fi gbogbo ìgbà bára mu: aago ẹ̀rọ kan lè yára ju ti èkejì lọ, àkọsílẹ̀ kan lè sọnù lọ́nà, ìpè tó bẹ̀rẹ̀ kí agogo méjìlá òru tó lù lè bọ́ sínú ọjọ́ méjì. Àwọn ìyàtọ̀ kéékèèké wọ̀nyí ni wọ́n máa ń jókòó lé lórí títí tí wọn yóò fi gbà.

Nǹkan tún le sí i ní oṣù Kẹrin ọdún 2013, nígbà tí NCC gbà pé oníbàárà lè kó lọ sí ilé-iṣẹ́ mìíràn láìyí nọ́ńbà padà. Ṣáájú àkókò yìí, 0803 ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé MTN ni, 0805 ń sọ pé Glo ni. Orí nọ́ńbà dà bí ilà ojú, ó ń fi ìdílé hàn. Láti ìgbà náà, ilà ojú kò tó mọ́. Ẹni tó kọ ilà ìdílé kan lè máa gbé ní agboolé mìíràn. Kí ẹ̀rọ ìṣirò-owó tó lè mọ owó oníbodè tí yóò san àti ẹni tí yóò san án fún, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ìwé àwọn tó ti kó kúrò, tí gbogbo ilé-iṣẹ́ jọ ń lò.

Gbèsè oníbodè lè fẹ́rẹ̀ẹ́ ya ìlú méjì nípá. Ní oṣù Kínní ọdún 2024, NCC kéde pé òun ti fọwọ́ sí i kí MTN má jẹ́ kí ìpè láti orí Glo wọlé sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́, nítorí owó oníbodè tí Glo kò tíì san. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, oníbàárà Glo kò ní lè pe MTN, ṣùgbọ́n MTN yóò máa lè pè é. Nígbà tí ó ku ọ̀la, NCC dá a dúró fún ọjọ́ 21, ó ní àwọn méjèèjì ti gbà láti yanjú rẹ̀. Ẹni tó ń gbé ní Arámọ̀kọ, tí ọmọ rẹ̀ wà lórí MTN ní Èkó, kò mọ nǹkan kan nípa ìwé tí wọ́n ń fi wé ara wọn, síbẹ̀ òun ni ìpè rẹ̀ ì bá já.

Ẹni tó gbé fóònù Nàìjíríà lọ sí Kútọnu tàbí Lọ́ńdọ̀nù bá irú ètò kan náà pàdé, tó tún gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé-iṣẹ́ tó gbà á lálejò níbẹ̀ yóò fi àkọsílẹ̀ ìpè rẹ̀ ránṣẹ́ sílé, ti ilé yóò san owó fún un, yóò sì fi èrè tirẹ̀ lé e. Ìdí nìyí tí ìpè àlejò fi máa ń wọ́n.

Báǹkì àti owó tó há sí àárín

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti kan àwọn olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n, nítorí báǹkì ni owó oṣù wọn ń gbà wọlé. Ẹni tó fi fóònù ra kírẹ́dìtì 500 náírà láti inú àpò owó rẹ̀ rò pé ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo ni òun gbé. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni. Báǹkì yóò yọ owó. Yóò fi iṣẹ́ rán alágbàta tó wà láàrin òun àti ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀. Alágbàta yóò fi iṣẹ́ náà jẹ́ ẹ̀rọ tí ń ta kírẹ́dìtì. Ẹ̀rọ yìí yóò sọ fún ẹ̀rọ ìṣirò-owó pé kí ó fi 500 kún àpò nọ́ńbà báyìí. Lẹ́yìn náà ni ìdáhùn yóò tún gba ọ̀nà yẹn padà títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ báǹkì.

Bí iṣẹ́ náà bá sọnù ní ìlọ, kírẹ́dìtì kò wọlé, báǹkì sì gbọ́dọ̀ dá owó padà. Èyí rọrùn. Èyí tó le ni pé kí iṣẹ́ dé, kí kírẹ́dìtì wọlé, ṣùgbọ́n kí ìdáhùn sọnù ní àbọ̀. Báǹkì kò mọ̀ bóyá iṣẹ́ jẹ́ tàbí kò jẹ́. Bí ó bá dá owó padà, oníbàárà jẹ èrè tí kò tọ́ sí i. Bí ó bá tún iṣẹ́ rán, ó lè jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni kírẹ́dìtì yóò wọlé. Bí ó bá sì dákẹ́, tí ó sì wá jẹ́ pé kírẹ́dìtì kò wọlé ní tòótọ́, oníbàárà pàdánù. Ojú ìwé báǹkì fi hàn pé owó ti jáde, ojú ìwé ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fi hàn pé owó kò wọlé, àwọn méjèèjì kò sì purọ́.

Ọgbọ́n tí wọ́n ta sí i ni nọ́ńbà ìtọ́kasí. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí iṣẹ́ mìíràn kò ní. Bí iṣẹ́ kan bá dé lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú nọ́ńbà ìtọ́kasí kan náà, ẹ̀rọ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò sọ pé òun ti jẹ́ ẹ. Láṣàálẹ́, tàbí lọ́jọ́ kejì, àwọn akọ̀wé méjèèjì yóò fi ìwé wé ara wọn, èyí tó bá sì wà nínú ìwé kan tí kò sí nínú èkejì ni wọn yóò wádìí. Nítorí náà, ẹni tó lọ béèrè owó rẹ̀ tí kò mú nọ́ńbà ìtọ́kasí lọ dà bí ẹni tó wá gba aṣọ lọ́wọ́ alágbàfọ̀ tí kò mọ àmì aṣọ rẹ̀. Inú àtẹ̀jíṣẹ́ tàbí ìwé àkọsílẹ̀ owó tí báǹkì fi ránṣẹ́ ni nọ́ńbà náà máa ń wà. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ń pa rẹ́ láìkà á tán ni.

Àárín báǹkì àti ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fúnra wọn kò fi gbogbo ìgbà tòrò. Ẹni tó bá tẹ kóòdù USSD láti wo owó tó kù ní báǹkì ń gun orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ń béèrè owó ọ̀nà. Ta ni yóò san án? Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, wọ́n fẹnu kò sí 6.98 náírà fún ìgbà kọ̀ọ̀kan, tí báǹkì yóò gbà lọ́wọ́ oníbàárà, tí yóò sì san fún ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀. Gbèsè ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó fẹnu kò, gbèsè kò sì tán lẹ́yìn rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, wọ́n yí ètò náà padà: láti inú kírẹ́dìtì oníbàárà ni wọ́n ti ń gé owó náà tààrà. Iye owó kò yí padà; ọwọ́ tó mú ọ̀bẹ ló yí padà. Ẹni tó bá ṣì ń lọ bi báǹkì léèrè nípa 6.98 náírà ti ṣi ilé wọ̀.

Nọ́ńbà kì í ṣe ènìyàn

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀rọ ìṣirò-owó kò nílò láti mọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà tó, owó tó. Ẹni tó ra káàdì SIM lẹ́bàá ọ̀nà kò fi orúkọ sílẹ̀. Ní ọdún 2011 ni ìforúkọsílẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé orúkọ wà lọ́tọ̀, ìwé owó wà lọ́tọ̀. Nọ́ńbà tí ìwé orúkọ rẹ̀ kò pé lè máa náwó lọ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2015, NCC bu ìtanràn 200,000 náírà lé MTN lórí fún ìkọ̀ọ̀kan nínú nǹkan bí mílíọ̀nù márùn-ún ó lé díẹ̀ káàdì SIM tí ìforúkọsílẹ̀ wọn kò pé tí ilé-iṣẹ́ náà kò sì tì pa. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ tírílíọ̀nù 1.04 náírà. Wọ́n dín in kù sí bílíọ̀nù 330 náírà ní oṣù Kẹfà ọdún 2016. Ní gbogbo àkókò tí àwọn nọ́ńbà náà fi wà, owó ìpè wọn ń wọlé déédéé.

Láti oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni ìjọba ti ní kí olúkúlùkù so nọ́ńbà ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè, NIN, mọ́ SIM rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, wọ́n dí àwọn tí kò so ó lọ́wọ́ láti pe ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà sọ nígbà náà pé wọ́n ti gé owó àwọn, torí kírẹ́dìtì wà níbẹ̀ tí kò ṣe é lò. Kò sí ẹni tó gé owó wọn. Ẹ̀rọ ìṣirò-owó ti dáhùn pé owó wà. Ẹ̀ka ìdánimọ̀ ló ti ìlẹ̀kùn. Bí àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ bá ra káàdì mìíràn lé e, ó kàn ń da omi sínú agbada tí wọ́n ti dé ni.

Ọ̀rọ̀ ìwé owó ilé-iṣẹ́ kò ní gùn. Owó káàdì tí wọ́n tà tí ẹni tó rà á kò tíì lò kò tíì di owó ilé-iṣẹ́. Gbèsè ni nínú ìwé wọn, gẹ́gẹ́ bí owó àsansílẹ̀ aṣọ ọdún ti jẹ́ gbèsè lọ́rùn télọ̀ tí kò tíì rán an. Ẹ̀rọ ìṣirò-owó ló ń sọ fún akọ̀wé owó pé ìpín báyìí ti di lílò. Òun náà ló ń ya owó orí ọjà sọ́tọ̀ fún ìjọba, èyí tó kúrò ní ìdá 5 tó di ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù Kejì ọdún 2020.

Ọ̀rọ̀-ìperí àti ẹnu ọ̀nà tó yẹ kí a kàn

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá méjèèjì, ti ọdún 1984 àti ti 1990, kò lè ran olùkọ́ lọ́wọ́ púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni wọ́n dá lé, GSM kò sì tíì dé nígbà náà. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a lò níhìn-ín, bí àká-orúkọ, asopọ̀-ìpè, alárinà, àkọsílẹ̀ ìpè, owó oníbodè àti nọ́ńbà ìtọ́kasí, ṣe é lò ní kíláàsì. Owó oníbodè ló dára jù nínú wọn, nítorí ọmọ ilé-ìwé tó bá ti ka ìtàn ìlú rẹ̀ yóò mọ̀ ọ́n kí a tó ṣàlàyé. "Kírẹ́dìtì" àti "dátà" kò nílò ìtumọ̀ mọ́. Ìyá àgbà tí kò kàwé ń pè wọ́n láìṣì wọ́n pè.

Iṣẹ́ àṣetiléwá kan tó bá ẹ̀kọ́ yìí mu ni kí akẹ́kọ̀ọ́ gba "wọ́n ti gé owó mi" mẹ́wàá lẹ́nu àwọn ará ilé, kí ó sì wá olùṣe fún ìkọ̀ọ̀kan. Bí kírẹ́dìtì bá wà ṣùgbọ́n tí ìpè kò lọ, àká-orúkọ tàbí NIN ni kí ó kọ́kọ́ fura sí. Bí báǹkì bá ti yọ owó tí kírẹ́dìtì kò wọlé, báǹkì ni ilé àkọ́kàn, pẹ̀lú nọ́ńbà ìtọ́kasí lọ́wọ́. Bí owó bá ń dínkù láìpe ẹnikẹ́ni, kí ó wò ó bóyá gbèsè kírẹ́dìtì ni, owó USSD ni, tàbí iṣẹ́ olóṣooṣù kan tí ẹnìkan ṣèèṣì tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" sí. Láti ọdún 2023, *310# ni gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń wo iye tó kù, 300 sì ni wọ́n fi ń pe òṣìṣẹ́ tí ń gbọ́ ẹjọ́. Òṣìṣẹ́ náà lè ka àkọsílẹ̀ ìpè síta, bí ẹni tó pè bá mọ̀ pé ó wà tí ó sì béèrè rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. Bí ilé-iṣẹ́ kò bá yanjú rẹ̀, 622 ni nọ́ńbà NCC. Ìpè síbẹ̀ kì í gba owó.